Ọkọ̀ Tí Kò Ní Páálí

Ìyá Àṣẹ́kù ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ kéékèèké oníke, kò sì bínú sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá to bàálù rẹ̀ tán tí ẹ̀yà díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú páálí, obìnrin yìí á na ọwọ́ gbà á. Táyà, ilẹ̀kùn, òpó, ìjókòó awakọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sínú àwọn agolo bisikíìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́ nù," ló máa ń wí. "Ẹ ó wá a tì, ẹ ó sì wá bá a lọ́dọ̀ mi."

Lọ́dún yìí, ó fẹ́ to ọkọ̀ akóyanrìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ṣiṣẹ́ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ gìrìwò tó ń wa ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ mìíràn lè rí ọ̀nà wọ èbúté. Wọ́n ti gé ọkọ̀ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ti yọ́ irin rẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ tó ṣe irú rẹ̀ sínú páálí rí, nítorí ta ni yóò ra ọkọ̀ tó ń kó ẹrẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ ìpàtẹ ẹgbẹ́ náà. Orí tábìlì àárín gbọ̀ngàn ni obìnrin náà fẹ́ kí wọ́n ti bá a, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀.

"Páálí rẹ̀ dà?" ni Alága ẹgbẹ́ bi í. Bàtà ni Alága ń tà, ó sì fẹ́ràn òfin bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja. Òfin wọn ni pé ìdérí páálí gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ohun tí èèyàn bá tò, kí wọ́n lè fi wé àwòrán ara rẹ̀.

"Kò ní páálí."

"Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń lọ nìyẹn, Ìyá Àṣẹ́kù. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó jọ ọ́?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gbé àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà wò ó, ọkọ̀ náà ti dúró tán, ọ̀dà nìkan ló kù. Ó rí kálakàla bí aṣọ alágbe: ara àwọ̀ eérú, ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé, páìpù èéfín bàálù tó di páìpù èéfín ọkọ̀ omi. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ ọkọ̀ ogun ti di ẹ̀wọ̀n tó ń gbé garawa ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ta ló ń gun àkàbà yìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi kọ́. Òmìrán ni. Ẹsẹ̀ mi ò lè ti ìdábùú kan dé èkejì."

Obìnrin náà tún àkàbà náà wò dáadáa. Ara ọkọ̀ akẹ́rù tí ìwọ̀n rẹ̀ tóbi ju èyí lọ ló ti yọ àkàbà náà. Gígùn rẹ̀ ló tàn án jẹ, kò wo àlàfo àárín àwọn ìdábùú. Àkàbà kan ṣoṣo ti sọ ọkọ̀ gìrìwò di ohun ìṣeré ọmọdé.

Ó fi abẹ ṣí i kúrò. Ó da gbogbo agolo sílẹ̀, kò rí èyí tó bá a mu. Ló bá mú igi ike tí àwọn ẹ̀yà máa ń so mọ́ nínú páálí, ohun tí òun gan-an kì í kà sí. Ó yí i lórí iná àbẹ́là títí ó fi rọ̀, ó sì fà á. Ó gùn, ó tín-ín-rín bí òwú. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìdábùú àkàbà tuntun.

"Ẹ má mí sí i, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé kí n kú ni?"

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi di ibí yìí mú ná."

Nígbà tó fọ́n ọ̀dà sí i, àwọ̀ ewé lọ, àwọ̀ eérú lọ, gbogbo àṣẹ́kù di ọkọ̀ kan.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà tó ti fẹ̀yìn tì wọlé, wọ́n rí i, wọn ò sì lè kọjá mọ́.

"Ibí ni mo ti ń sùn," ni ọ̀kan wí.

"Ibi tí o ti ń sá fún iṣẹ́ nìyẹn."

"Ilé ìdáná mi ńkọ́?" ni alásè wọn bèèrè.

"Ó wà lẹ́yìn páìpù èéfín," ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Àṣẹ́kù dáhùn. "Òórùn ọbẹ̀ rẹ tó ń jóná nìkan ni àbúrò mi ò fi sí i."

Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa. Àwọn àlejò tó wà nídìí tábìlì àárín gbọ́ ẹ̀rín, wọ́n rọ́ wá. Alága wá lé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dínà."

Ọ̀gákọ̀ wọn àtijọ́, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, kò tilẹ̀ yíjú sí i. "Ọmọ mi, àkàbà yẹn ni mo gùn títí orúnkún mi fi ń dùn mí. Wá àyè fún ọkọ̀ mi."

Alága wo tábìlì àárín. Bàálù tirẹ̀ nìkan ló dá wà níbẹ̀ pẹ̀lú páálí rẹ̀ tó ń dán, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó lọ sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Àṣẹ́kù bọ́ síwájú, ó ń la ọ̀nà láàárín èrò. Ìyá Àṣẹ́kù fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ wú bí ìyá ìyàwó. Ó dé ìdí tábìlì, ó dúró.

"Ẹ tún bá mi sún bàálù yín díẹ̀ sí i, Alága," ló wí. "Ọkọ̀ wa gùn."