Aṣọ tó Wà Láàárín Àna Méjì

Ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ́ Delbert, ìyá mi kò fojú kàn án rí. Àṣà wa ni. Bí ìyá ìyàwó àti àna rẹ̀ bá wo ojú ara wọn, ojú wọn á fọ́. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, nílé àwọn ẹlòmíì nìyẹn. Nílé tiwa, èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn, ó sì ti sú mi.

Àfi bí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó pè wá pé ká wá máa fi iṣẹ́ ọwọ́ wa han àlejò ṣe kó wa sí yàrá kan náà! Màámi Glenabah jókòó níwájú òfì tó nà sókè bí ògiri, Delbert wà lẹ́yìn òfì náà, ó ń fi ọmọ owú kan fàdákà. Ìsàlẹ̀ ni aṣọ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Delbert kọjú sí ògiri títí aṣọ fi ga tó láti bo màámi.

"Sọ fún ẹni tó ń kan nǹkan yẹn kó rọra."

"Sọ fún wọn pé òòyà tí wọ́n fi ń gbá òwú ló kọ́kọ́ pariwo."

Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Oòrùn á wọlé, eruku irun àgùntàn á máa fò nínú rẹ̀, òòyà á máa dún, ọmọ owú á máa dá a lóhùn. Nígbà míì ó máa ń ṣe mí bíi pé oorun kan náà ni àwa mẹ́ta jọ ń sùn, tí àwọn àlejò ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màámi bi mí pé, "Èwo ni pupa níbẹ̀?" Òwú pupa wà lórí itan wọn. Wọn ò rí i. Ọmọ owú dákẹ́ lẹ́yìn òfì.

"Èmi ni mo fà á," Delbert sọ fún mi nígbà tá a jáde. "Mo rí ojú wọn nínú dígí ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Tá a bá ti sọ aṣọ yẹn kalẹ̀, mo ń lọ." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ sọ aṣọ kalẹ̀, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo di okùn òfì mú, mi ò lè tú u.

"Sọ fún un pé..." Màámi fi mí sílẹ̀. Wọ́n gbóhùn sókè. "Ìwọ ọkọ ọmọ mi! Ojú ló ń lọ, etí mi ṣì wà níbí. Mo gbọ́ tó ò ń di ẹrù. Ojú mi ti ń ṣú kó o tó wá tọrọ ìyàwó. Bó ṣe ṣe ìyá mi náà nìyẹn, wọ́n sì hunṣọ títí wọ́n fi kú. Níbo lò ń lọ? Dijú ẹ. Tèmi ti dì."

Mo tú okùn. Aṣọ bọ́ sílẹ̀.

Delbert di ojú rẹ̀ pinpin, omi ń jáde níbẹ̀. Màámi ń táràrà bọ̀, wọ́n fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan imú rẹ̀.

"Háà! Imú rèé! Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Màámi, ẹ ò béèrè ni," Delbert dáhùn.

Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, mo ń sunkún. Kò sẹ́ni tó rán mi sí ẹnì kankan.