Bọ́tìnnì Kẹrin

Orí tèmi kì í dúró síbi tí mo bá gbé e sí. Ìyá mi á rán mi ní iyọ̀, epo ni màá rà bọ̀. Wọ́n nà mí títí, wọ́n pè mí ní olóríkunkun. Mo di baba ọlọ́mọ, kò yí padà.

Bọ̀ọ̀dá Suara, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ kan ní Òrégún, níbi tí a ti ń yọ́ rọ́bà fi ṣe búta àlùwàlá. Bọ̀ọ̀dá náà ló kíyè sí i pé ohun tí ẹnu mi bá sọ ni ọwọ́ mi í rántí. Wọ́n ní bí mo bá ń pa ẹ̀rọ, kí n máa ka bọ́tìnnì rẹ̀ síta. “Mo ti pa ọ̀kan. Mo ti pa méjì.” Mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Lèmọ́mù Ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n odidi ọdún mẹ́ta, mi ò gbàgbé ìkankan.

Lọ́dún tí Sáàpù, ètò ìṣúnná owó ìjọba, gbóná, tí wọ́n ń wá ẹ̀sùn kékeré láti fi lé òṣìṣẹ́, àwọn aláṣẹ wá yẹ̀ wá wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án Jímọ̀, Bọ̀ọ̀dá Suara ló ń fọwọ́ sí ìwé pé ó ti kú, ká tó jọ lọ kírun. Àwọn aláṣẹ dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú kóòtù wọn. Ojú tì mí láti máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Mo panu mọ́. Mo pa ọ̀kan, mo pa méjì, mo pa mẹ́ta, ni mo bá rí bàtà ọ̀kan nínú wọn tó ń dán yinrin. Bàtà lásán, ẹ gbà mí o! Ọkàn mi tẹ̀lé bàtà yẹn dé mọ́sáláṣí.

Ká tó kírun dé, rọ́bà ti jóná, ó ti gan mọ́nú ẹ̀rọ. Ìwé ni wọ́n wò, orúkọ Bọ̀ọ̀dá Suara ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá máa lọ sílé, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ojo ni mí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó lọ bá Bọ̀ọ̀dá Suara nílé wọn ní Agége. Láti Òrégún ni mo ti ń sọ ọ́ síta kó má baà bọ́ lórí mi: “Èmi ni mi ò pa ìkẹrin.” Àwọn èèyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Mo bá wọn lórí ẹrù dídì, Modinat ìyàwó wọn ti ká ẹní. Wọ́n ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

“Mo mọ̀, Àlàmú.”

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn fọwọ́ sí ìwé láìwo ẹ̀rọ. Wọ́n so okùn ẹrù tán kí wọ́n tó dáhùn.

“Mi ò gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn. Mo ní o ti sàn.”

Mi ò sàn. Bí orí mi ṣe rí nìyí, wọ́n sì ti kọ́ mi bí mo ṣe lè máa bá a gbé. Nítorí ìtìjú ni mo ṣe pa ẹ̀kọ́ wọn tì. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dúró níwájú máńẹ́jà, mo kà á síta: “Mo pa ọ̀kan. Mo pa méjì. Mo pa mẹ́ta. Èmi ni mi ò pa ìkẹrin.”

Wọ́n lé èmi náà. Wọn ò pe Bọ̀ọ̀dá Suara padà.