Ọlọ́wẹ̀ Ló Ń Dáná

Àbẹ̀ní da omi sórí iná abẹ́ ìkòkò àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Èéfín bo Odile, tó jókòó ti ìkòkò náà tó ń bẹ iṣu. Odile fò dìde, ó ń wúkọ́. Kí ojú rẹ̀ tó là, Àbẹ̀ní ti pa iná kejì, ó sì ti ń wá omi tí yóò dà sí ìkẹta.

Àwọn obìnrin yòókù dúró, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní orí òun pé ju ti ẹni tó ní kí wọ́n dáná lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi ìdáná títí òun yóò fi gbọ́ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n wà, lẹ́bàá afárá tuntun tí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ńtì kọ́ sórí odò tó wà láàárín abúlé Gbaffo àti ọ̀nà Dassa. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i nìyí. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọ̀nà ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́sàn-án, àná sì ni Cyprien, olórí abúlé, kéde pé kí àwọn obìnrin gúnyán dè wọ́n. Inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Àbẹ̀ní nìkan ni ominú ń kọ.

Kì í ṣe pé ó láhun. Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin tó ru òkúta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bá lọ. Évariste, ọmọ Odile, tó kàwé tó sì di alábòójútó nílé iṣẹ́ ọ̀nà, ló wá bẹ̀ wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò: ẹ fún wa ní òkúta àti agbára yín, ilé iṣẹ́ yóò mú irin àti sìmẹ́ńtì wá, yóò máa bọ́ yín, òun náà ni yóò sì máa tún afárá ṣe lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àdéhùn. Ọ̀wẹ̀ sì ní òfin tí ọmọ Gbaffo ń mọ̀ kó tó mọ àdúrà: ẹni tó dáná oúnjẹ ìparí iṣẹ́ ló ni iṣẹ́, àtèrè rẹ̀ àtẹrù rẹ̀. Bí ilé bá wó lọ́la, wọn kì í pe àwọn tó jẹun. Ẹni tó dáná ni wọ́n ń pè.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń gbé gàrí àti ẹ̀wà wá fún wọn. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé oúnjẹ ìparí, èyí tó lágbára jù, abúlé ni yóò sè é?

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Àkànní, ọkọ Àbẹ̀ní, wà lára àwọn tí àwọn òyìnbó kó lọ síṣẹ́ túlààsì ọ̀nà láyé ìjọba tiwọn. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ya ọ̀nà, wọn a wá kó àwọn ọkùnrin, wọn kì í bèèrè bí iṣu wọn ti rí lóko. Ọdún kan, òkúta ré lu ẹsẹ̀ Àkànní. Ẹsẹ̀ náà jẹrà, ó sì pa á. Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ di òní, ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ lọ sí Paouignan, àwọn èrò inú rẹ̀ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lambert, ọmọ Àkànní, ló wá ń kọ ebè báyìí. Bí afárá bá di ti abúlé, Lambert ni wọn yóò wá pè lójú òjò, bí wọ́n ṣe pe bàbá rẹ̀.

Cyprien dé, ó dé fìlà tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí rẹ̀ rí. Àbẹ̀ní wo fìlà náà kó tó wo ojú rẹ̀. Cyprien ní kò bójú mu kí ebi pa àlejò, pé Àbẹ̀ní ti fura jù.

“Àlejò wo?” ni Àbẹ̀ní bi í. “Ọlọ́wẹ̀ kì í ṣe àlejò lóko ara rẹ̀.”

Cyprien tún fìlà rẹ̀ dé. Ọkùnrin tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu tan ẹyẹ sọ̀kalẹ̀ lórí igi, ó ní kí wọ́n ṣáà dúró de Évariste. Ara túbọ̀ fu Àbẹ̀ní.

Kò pẹ́ tí Évariste fi dé lórí alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́. Ó kí àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí eérú tó tutù, ó rí ìkòkò tí kò hó, kò sì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dá Àbẹ̀ní lójú nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan ì bá ti bèèrè.

“Évariste, ta ló ni afárá yìí?”

“Gbogbo wa ni, Ìyá Lambert.”

“Bó bá wá bàjẹ́, ta ni wọn yóò pè?”

Évariste wo Cyprien, Cyprien wo òkè. Ìgbà náà ni Évariste tó sọ ọ́ jáde. Ọ̀gá àgbà ti yí kọ̀ntírà, ìwé àdéhùn náà, padà. Ìwé tuntun sọ pé ńṣe ni ilé iṣẹ́ ran abúlé lọ́wọ́, pé abúlé ló ni afárá, abúlé ni yóò sì máa tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, Cyprien yóò tẹ̀ka sí i. Ó ní òun jiyàn ní buró ilé iṣẹ́ títí, wọ́n ní bí kò bá wù òun, àwọn tó fẹ́ àga òun pọ̀ níta.

“Ta ló kọ́ ọ̀gá yín pé kí àwa dáná?”

Évariste tẹ orí ba. Ní gbogbo buró yẹn, òun nìkan ni ọmọ Gbaffo tó mọ òfin ọ̀wẹ̀. Inú bí Àbẹ̀ní. Ọmọ tí òun gbé pọ̀n rí.

“Ó dáa. Kí ilé iṣẹ́ yín wá dáná.”

“Ìyá, ilé iṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Kò lọ́wọ́ tí yóò fi dáná, kò lẹ́nu tí yóò fi jẹun.”

“Ẹnu wo ló wá fi ṣèlérí fún wa?”

Évariste wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó lóṣòó ti ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó eérú tútù jáde. Odile sáré wá gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún un. Iná ràn. Nígbà tó gbé ọmọ odó, tí òógùn ń kán sínú odó, ẹ̀rín pa àwọn obìnrin. Àbẹ̀ní náà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ yá gágá, ó mọ̀ pé òun ti ṣẹ́gun.

Àwọn ọ̀gá dé, wọ́n jẹ iyán, wọ́n yin àwọn obìnrin abúlé. Évariste fi Faransé sọ fún wọn pé òun lòun gún un. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Wọ́n tẹ́ ìwé sórí imú ọkọ̀. Cyprien kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní ní Gbaffo, ẹni tí kò dáná kì í tẹ̀ka. Ojú ọ̀gá àgbà le. Évariste bá gba kálàmù, ó fa ìlà lórí ibi tí wọ́n kọ abúlé sí, ó kọ ilé iṣẹ́ ọ̀nà, ó sì fi orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà rọra bi í bóyá ó mọ ohun tí ìyẹn yóò ná an. Ó dáhùn pé wíì, bẹ́ẹ̀ ni.

Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Wọ́n kàn ká ìwé náà sínú àpò, wọ́n gbé mobilẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Évariste dúró lójú ọ̀nà láìwọ bàtà, láìníṣẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà ó bu iyán tó kù, ó gbé e tọ Àbẹ̀ní wá, nítorí òun ni olórí àwọn tó ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ṣáájú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Gbogbo obìnrin ń wò wọ́n. Àbẹ̀ní ṣíjú wo Odile, ó rí i pé ó ń sunkún láìpariwo, ìgbà náà ló tó yé e. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló dáná. Bí omi bá gbé afárá lọ, kò sẹ́ni tí yóò pe Kútọnu. Bí òun bá ti jẹ iyán yìí, ọ̀dọ̀ ọmọ Odile ni gbogbo Gbaffo yóò yíjú sí.

Ó gé iyán náà, ó fi kan ọbẹ̀. Kókó kún inú iyán náà. Ó gbé e mì, ó tún gé òmíràn.