Ibi Tí Ilé Mi Kọjú Sí

Nígbà tí Màmá Àṣíáwù sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò gbákà ní Díábò létí adágún, ọlọ ni ohun tó kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ ọlọ nìkan o, ìyá ọlọ gan-an, èyí tó fi ń lọ ata fún wa ládùúgbò Koko ní Bouaké láti kékeré mi. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

"Màmá, inú ọkọ̀ ojú omi lẹ ń gbé ọlọ bọ̀?"

"Ṣé wọn kì í jẹ ata nínú ọkọ̀ ọ̀hún ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Ogójì ọdún ló fi tajà ní Bouaké, wọ́n ń pè é ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, títí ó fi ń jẹ́ ẹ. Ní Sátidé tó ń bọ̀, yóò dá kọ́kọ́rọ́ ilé tó háyà ní Koko padà fún onílé, yóò wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì ní padà wá mọ́. Ó ti bẹ̀ mí títí kí n bá òun lọ. Èmi ni mo ní kó kọ́kọ́ wá lo ọjọ́ mẹ́ta nílé mi. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibẹ̀ ní ilé. Gbogbo ará Koko ló ń sọ nípa mi pé Idriss tó kàwé tó báyìí ti di alárìnkiri orí omi, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Ọkọ̀ onígi ni ilé mi. Báàṣì, ìyẹn tapólì, ni mo fi rán ìgbòkun rẹ̀, mo sì fi ń kó ẹja gbígbẹ àti ẹrù láti abúlé dé abúlé lójú adágún Kòsú. Ibùsùn wà níbẹ̀, àdògán wà, òrùlé páànù kékeré wà lẹ́yìn. Oṣù kẹrin ni, òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹyẹ sì ń kọ́lé sórí àwọn igi gbígbẹ tó dúró sínú omi. Mo fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra ẹní tuntun. Mo yan ẹja kápù, mo fi àtíẹ́kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe tì í.

Màmá jẹun, ó yin ẹja, kò yin ọkọ̀. Nígbà tí ìrun Alásàrí tó, ó ṣe àlùwàlá, ó kọjú sí ìlà-oòrùn níbi tí mo fi hàn án. Kó tó parí rakáà kejì, afẹ́fẹ́ òjò ti ń yí ọkọ̀. Nígbà tó fi máa sálámà, gúúsù ló kọjú sí.

"Àkànní, ibo ni mo kọjú sí yìí?"

Mo sáré mú ọ̀pá kí n fi ti ọkọ̀ padà.

"Irú ilé wo ni kò mọ ibi tí òun kọjú sí? Ilé Koko tó ń jò yẹn, ó mọ ibi tó kọjú sí. Ọ̀la ni n ó padà. Ìwọ náà di ẹrù rẹ. Ilé làbọ̀ sinmi oko, èyí kì í ṣe ilé."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Inú bí mi sí afẹ́fẹ́, ó bí mi sí Màmá, ó bí mi sí ara mi. Ìdákọ̀ró kan ṣoṣo ni mo ní, iwájú ọkọ̀ ló sì wà. Kò sí ohun tó di ìdí ọkọ̀ mú, ibi tí afẹ́fẹ́ bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ. Bí mo ṣe ń wò káàkiri, ojú mi bọ́ sára ọlọ.

Kí Màmá tó jí fún ìrun Àsùbáà, mo ti fi okùn de ọlọ ní ìbú àti òòró. Mo fi ọ̀pá ti ọkọ̀ títí imú rẹ̀ fi kọjú sí ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, mo wá rọra sọ ọlọ sínú omi níbi ìdí ọkọ̀. Màmá jáde, ó kírun. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ọkọ̀ mì, kò yí. Ó pẹ́ lórí ẹní náà kó tó dìde.

"Ọlọ mi dà?"

"Ó wà nínú omi, Màmá. Òun ló di ilé mú."

Mo ń retí èébú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó wá nawọ́ síwájú. "Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìyẹn, àbí?"

"Ọ̀nà ibẹ̀ ni."

Kò sọ̀rọ̀ pé ó ń padà lọ́la mọ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Orí pákó ló ti ń fi ọmọ ọlọ tẹ ata, ó ń bú mi bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí gbákà, mo ń retí kó tún ní kí n bá òun lọ. Kò sọ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló wá ń ṣe mí bíi kí n lọ. Mo dúró sójú títì títí n kò fi rí eruku mọ́tò náà mọ́.

Iṣẹ́ kò gba kí ọkọ̀ dúró sójú kan. Mo fa ọlọ sókè, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. N kò fi lọ ata, ọkàn mi kò gbé e. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Màmá dé Ògbómọ̀ṣọ́ ló pè mí.

"Wọ́n ń bi mí níbí pé ta ni mo fi ọ́ sílẹ̀ fún. Mo ní o nílé. Mo ní mo sùn níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àkànní, ṣé ilé rẹ ṣì kọjú síhìn-ín?"

Mo wo iwájú. Ọ̀nà Marabadiassa ni imú ọkọ̀ kọjú sí, ẹ̀yìn ló kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ má pa fóònù o, Màmá."

Mo wọ́ ọlọ jáde. Mo fi ọ̀pá ti ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ ọlọ sómi. Mo dúró títí okùn fi le.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," mo ní. "Ó kọjú sọ́dọ̀ yín."