Ẹni Tí Yóò Kọjú sí Don Fello

Wọ́n ní Don Fello ti sọ ọ́. Wọ́n ní kì í ṣe lórí rédíò ló ti sọ ọ́ o, àmọ́ àwọn kan wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n sì wà níbẹ̀ kì í purọ́... Wọ́n ní ó ní bí wọ́n bá fún Wandel ní àmì ẹ̀yẹ yẹn, kí wọ́n kúkú fún... Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ewúrẹ́ ni wọ́n ní ó fi ọmọ náà wé. Àwọn ará òdìkejì odò ní rárá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Minga, ó ti hùwo.

Don Fello ni bàbá tó bí bàbá mi, Bàbá ni mo sì ń pè é. Òun ló ń ka ìròyìn eré ìdárayá ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré tó wà ní Guayubín, ìlú wa, ìdí nìyẹn tó fi wà lára àwọn tó ń dìbò yan Ọ̀gbẹ̀rì Ọdún, ìyẹn ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdíje bésìbọ́ọ̀lù. Lọ́dún náà, orúkọ ọmọkùnrin méjì ló gba ẹnu ayé kan. Wandel Arbelo, ọmọ àdúgbò wa, tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Àti Lantigua ará San Pedro, tó máa ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ju òkò sí ejò, tí ẹni tó di igi mú níwájú rẹ̀ á kàn máa fẹ́ atẹ́gùn.

Tavito, ẹ̀gbọ́n ìyá Wandel, ló máa ń jókòó kọjú sí bàbá àgbà mi nídìí dómínò láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú. Ẹni tó bá ń ta dómínò lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ẹni tó kọjú síni kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán; ẹnì kejì ẹni ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bá àwọn méjì mìíràn ta á. Ẹ ò gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín; ojú lẹ fi ń gbọ́ra yín yé. Ìyàwó ẹni lè kú kí a fẹ́ òmíràn. Ti ẹni tó kọjú síni le ju ìyẹn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, mò ń bó òtílì. Chelo, ọlọ́kadà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Lantigua yìí kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀gbẹ̀rì," ó ní. "Ó ti ju bọ́ọ̀lù díẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó ti tọ́ ọbẹ̀ wò, ṣé ó tún lè ní òun ò mọ adùn ẹ̀?"

"Ìka kan ló fi tọ́ ọ wò," Minga dá a lóhùn láti ẹ̀yìn káńtà. "Òfin ní ọ̀gbẹ̀rì ṣì ni. Àti pé Chelo, níbo lo ti rí i tó ń ju bọ́ọ̀lù? Ṣé iná wà nílé tìrẹ ni?"

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"O gbọ́ bọ́ọ̀lù tó ń kọjá."

"Etí mi mú, ìyá."

Kì í ṣe Chelo nìkan. Nínú gbogbo àwọn tó ń torí Wandel bára wọn jà lójú pópó yẹn, àwọn tó ti fojú rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún náà kò pọ̀. Ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn tó rí i gan-an ni kì í rí ọ̀rọ̀ sọ.

Tavito dé. Kò jókòó. Ó ra bíà, ó sì fara ti òpó.

"Tavito, jókòó," Bàbá ní. Ó ti da dómínò sórí tábìlì, ó ti pò wọ́n.

"Ìdúró dára fún ẹ̀yìn mi."

"Tavito."

"Ẹ pe ewúrẹ́ kó wá jókòó, Don Fello. Mo gbọ́ pé ẹ mọ iyì ẹ̀."

Tavito kò pè é ní Don rí, kò sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀wọ̀ yẹn dun Bàbá ju èébú lọ. Ó kó dómínò rẹ̀ padà sínú àpótí wọn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ tọrọ ìre lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe.

"Ọlọ́run á bù kún ọ, Nurys."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ bó ṣe rí fún wọn?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo wọn."

"Bí èèyàn bá ń ta dómínò," ó ní, "kì í ṣí ọwọ́ ẹnì kejì ẹ̀ síta fún ayé wò. Bó bá tiẹ̀ ta á burúkú."

Àgbà ti sọ̀rọ̀; mo gbé òtílì mi lọ sídìí ààrò. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Bàbá á lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó tó kọjú sí i á ṣófo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀. Á máa to dómínò fúnra rẹ̀ bí ọmọdé tó ń kọ́lé. Nílé, á ní òtílì kò níyọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kéde èsì, gbogbo ìbò pátá ló bọ́ sọ́wọ́ Wandel. Lantigua kò rí ẹyọ kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, torí ẹni tó bá lè ka ìbò á mọ̀ pé ti Bàbá wà níbẹ̀.

"Ìtìjú ló mú un dìbò fún un," Chelo ní, gbogbo àdúgbò sì gbà pé àlàyé gidi nìyẹn.

Tavito pa ewúrẹ́ rẹ̀ fún àsè. Ó pe gbogbo àdúgbò, ó fo ilé wa. Minga ló ní kí n bá òun gbé ìkòkò ìrẹsì lọ síbẹ̀, bí mo ṣe bá ara mi láàárín wọn nìyẹn. Wandel fúnra rẹ̀ ti dé, ó ń jẹun lẹ́bàá ìyá rẹ̀, ó sì jọ pé ojú ń tì ú ju èmi lọ.

Tavito dìde pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Ọmọ mi, jẹun dáadáa. Àgbà kan wà ládùúgbò yìí tó ní ewúrẹ́ ló yẹ kó gba ohun tí o gbà."

Wandel gbójú sókè. "Bàbá Fello? Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn?"

Chelo wo Minga. Minga ní ọ̀dọ̀ Chelo lòun ti gbọ́ ọ. Chelo ní ọ̀dọ̀ ará òdìkejì odò kan. Ará òdìkejì odò náà kò sí níbẹ̀.

"Èmi wà níbẹ̀," mo ní. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Ó dáa," Tavito ní. "Má fi nǹkan kan pa mọ́. Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

Mo wo ilẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. "Ọjọ́ tí Wandel dúró tí kò gbé igi ẹ̀, tí bọ́ọ̀lù mẹ́ta fi kọjá níwájú ẹ̀ ni. Ẹ ń ta dómínò lọ́wọ́. Bàbá Tavito, bóyá ẹ ti gbàgbé, ẹ̀yin lẹ la ọmọ dómínò mọ́ tábìlì tí ẹ ní: 'Bí wọ́n bá fún Wandel ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún yìí, kí wọ́n gbé ọ̀kan wá fún ewúrẹ́ mi, torí òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dúró wo nǹkan tó ń kọjá lọ.' Bàbá mi ní: 'Fi ọmọ yẹn sílẹ̀, Tavito. Ìwọ ta tìẹ.'"