Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Dé Woolwich

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Mọ́wùnmí ti mọ òwe yìí láti kékeré, síbẹ̀ òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹyin ọ̀hún mọ́lẹ̀ nínú mítìn yúníọ̀nù òṣìṣẹ́ ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́sàn-án Sátidé kan lọ́dún 1991.

Ibi tí wọ́n ń kó pákó sí ní Belvedere, létí odò, ló ti ń gbálẹ̀. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń já pákó níbẹ̀. Yúníọ̀nù wá gbọ́ pé pákó tó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, inú igbó àwọn ẹ̀yà kan ní Sàràwákì, lókè òkun lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti lọ gé e láìgbàṣẹ. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ wọ bàálù wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, ó ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mọ́wùnmí ti kì í láyà: “Baba, àwọn èèyàn mi ò ní já yín kulẹ̀.” Mítìn náà ni wọ́n ti fẹ́ dìbò pé àwọn ò ní já a: bí ìbò ò bá wọlé, wọ́n á já pákó, bàbá á sì padà lọ́wọ́ òfo.

Mọ́wùnmí ló kọ ìwé ìpè ní Yorùbá, lẹ́tà gàdàgbà: Ẹ DÌDE FÚN Ẹ̀TỌ́ ÀWỌN ỌMỌ ONÍLẸ̀! Kò tíì kà á tán tí Ọlátúnbọ̀sún, àgbà àwọn tó ń já pákó, fi fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

“Ta ni kó dìde? Èmi? Fún ọmọ onílẹ̀?”

“Uncle, ẹ fara balẹ̀ ná…”

“Fara balẹ̀ kẹ̀! Àwọn tó gbowó ìpìlẹ̀ n’Íkòròdú, tí wọ́n tún wá wó ògiri mi? Wọ́n ti wá ní yúníọ̀nù níbí náà?”

Yàrá dà rú. Medinat tó ń gbálẹ̀ pẹ̀lú Mọ́wùnmí pariwo láti ẹ̀yìn: “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ta ilẹ̀ tèmi! Ẹni tó rà á kẹ́yìn ló ń gbébẹ̀!” Bàbá arúgbó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé wọ́n ń kí òun káàbọ̀ ni.

 Lójijì Mọ́wùnmí gun orí àga.

“Uncle! Lọ́jọ́ tí wọ́n wó ògiri yín, ta ló bi yín léèrè?”

“Ta ní í bi mí? Katakata tó ń wólé ni mo bá níbẹ̀!”

“Katakata ni bàbá yìí náà bá nínú igbó rẹ̀! Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Bàbá yìí, ẹ̀yin gan-an ni. Àwọn tó ń ta pákó yẹn ni ọmọ onílẹ̀!”

 Ọlátúnbọ̀sún rọra rìn lọ bá àlejò náà. “Ẹ bá mi bi í, kí ni wọ́n gé?”

Ògbufọ̀ ní igi eléso tí bàbá rẹ̀ gbìn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i wà nínú wọn.

“Háà! Igi orí ìwọ́ ọmọ!” Ọlátúnbọ̀sún ṣí fìlà. “Baba, ẹ má bínú. Ẹni ejò bù jẹ ló ń sá fún ekòló.” Ló bá na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ìbò,” Francis, òyìnbó tó jẹ́ alága, ké sí i.

“Èkejì, ti ògiri mi ni!”

Ni ẹ̀rín bá sọ, ni ọwọ́ bá yọ lọ́tùn-ún lósì bí àgbàdo lẹ́yìn òjò. Mọ́wùnmí ń ka ọwọ́, ó ń sunkún, ó ń ṣe halelúyà pọ̀.

Ní Mọ́ńdè, lọ́rì dé. Kò sẹ́ni tó wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá ní ta ló máa já a? Ọlátúnbọ̀sún ká apá, ó jókòó lórí àpótí.

“Ẹ kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”

Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, lọ́rì ṣẹ́rí padà pẹ̀lú pákó rẹ̀, Mọ́wùnmí sì ju ìgbálẹ̀ sókè.