Ọwọ́ Tí Ẹja Mọ̀

Nígbà tí Boniface fi máa já sí etí omi, ọmọbìnrin náà ti wọ inú ibú dé ọrùn. Gíláàsì fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan tí rọ́bà dúdú yí ká bo ojú àti imú rẹ̀, páìpù kékeré kan sì nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ bí ìwo ẹranko tí kò rí ìkejì. Boniface dúró gbagidi. Ọ̀pá oníkọ̀ọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó fẹ́ fi fa ohun tó wá fà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó rọra tẹ́ ẹ sínú koríko, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í kó lè wọlé dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí, ó ti yọ páìpù lẹ́nu. "Ẹ má bínú pé mi ò dúró dè yín."

Fúnmiọlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ló sì rán an wá sí Ute ní oṣù kejì ọdún 1981 yìí. Ọ̀sán ni wọ́n sọ pé yóò dé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀ omi kì í dúró kí atẹ́gùn ọyẹ́ kọ́kọ́ rú ojú omi, ìdí nìyẹn tí òun fi kúrò nílé ní ìdájí, táyà Lándírófà òun sì jò nígbà tó kù díẹ̀ kí òun wọ ìlú. Boniface kí i kú ewu ọ̀nà. Ó bi í bóyá omi kò tutù jù. Ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá tó wà ní òdìkejì, níbi tí ojú ọmọbìnrin náà kò tíì dé.

Ó yẹ kí n sọ irú omi tí omi náà jẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, Odò Ọ̀sẹ̀ a já sí wẹ́wẹ́, a ṣẹ́ kù ní adágún adágún láàárín àpáta. Ibú Àìdẹ nìkan ni kì í gbẹ. Gbogbo ẹja tó bá fẹ́ rí òjò ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá Ute fi na màrìwò yí i ká. A kì í sọ àwọ̀n síbẹ̀, a kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀, títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi so odò pọ̀ padà. Ìdílé Boniface ló ń ṣọ́ ọ. Olùṣọ́ ibú kò gbọdọ̀ ní ìgèrè nílé, ìyẹn agbọ̀n ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lọ láràárọ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fọ́n èérún ẹ̀kọ sí i. Bó bá ti gbá a tán, ẹja á wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Boniface fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé ẹja Ibú Àìdẹ mọ ọwọ́ òun, pé bí ẹlòmíì bá gbá omi náà títí di alẹ́, wọn kò ní yọjú.

Ìgèrè kan wà nínú ibú náà. Boniface ló dẹ ẹ́.

Ọdún kẹta nìyí. Theresa ìyàwó rẹ̀ ló ṣàìsàn fún oṣù méjì gbáko, oúnjẹ kankan kò dúró nínú rẹ̀ àfi ọbẹ̀ ẹja. Boniface rìn dé ọjà Ìdóànì títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn mú, ẹja sì wọ́n bí ojú. Ọjọ́ kan ló jókòó sẹ́yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun ohun tí bàbá rẹ̀ fi hàn án ní kékeré, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ olùṣọ́ fún bàbá náà. Ó ní ẹyọ ẹja kan péré ni òun fẹ́ mú. Theresa dìde lórí àìsàn. Ìgèrè náà kò dìde nínú omi. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Títí di òní, Theresa gbà pé ọjà Ìdóànì ni ẹja tó ń jẹ ti ń wá, ó sì máa ń fi ọkọ rẹ̀ yangàn láàárín àwọn ìyá ìjọ pé ẹni tó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran kó má tọ́ ọ wò, onítọ̀hún wà nílé òun.

Bó bá mọ síbẹ̀, ìbá sàn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà rí i pé ẹja ibú ń dín kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pàdé Àbúdùlàhí lójú ọ̀nà odò, ó so ẹja àrọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Àbúdùlàhí, Mùsùlùmí jẹ́jẹ́, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Ute. Ó ní Ìdóànì ni òun ti ra ẹja òun. Wọ́n bi Boniface bóyá ó rí ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni létí ibú. Boniface wo ilẹ̀, ó ní òun rí ipasẹ̀ bàtà táyà. Ta ni kò mọ̀ pé Àbúdùlàhí ló ń gé táyà ògbólógbòó ṣe bàtà sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀? Gbólóhùn kan péré ni. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí Àbúdùlàhí kọjá màrìwò mọ́, kò gbọdọ̀ bu omi odò náà mu, kò gbọdọ̀ fi ṣe àlùwàlá. Kànga ilé-ìwé tó wà lókè lọ́hùn-ún ló ń lọ, ó sì máa ń gba iwájú ilé Boniface kọjá tòun ti kẹ́ẹ̀gì lórí. Bó bá kọjá, á kí i. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ìkíni yẹn ni Boniface kì í lè gbé mì.

Oòrùn yọ, èrò sì dé. Bàbá Lábísí, olórí àwọn àgbà, wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́rin tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n rí i pé ṣòkòtò ni ọmọbìnrin náà wọ̀ nínú omi, méjì nínú wọn yíjú sí igbó bí ẹni tó ń wá ewé, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ yíjú padà. Theresa gbé ẹ̀kọ wá nínú abọ́. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Àbúdùlàhí yí táyà Lándírófà tí Fúnmiọlá ní kó lẹ̀ dé, ó sì dúró sẹ́yìn màrìwò pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, níbi tí àyè ti gbà á mọ.

Fúnmiọlá sọ fún wọn pé nígbà tí òun wà lókè òkun, wọ́n mú òun lọ sí ibì kan tí òkun ti yà wọ inú ilẹ̀, tí ìjọba ibẹ̀ fi òfin yí ká. Wíwò nìkan ni wọ́n gbà láyè níbẹ̀. Èèyàn á dojú dé omi, á máa fi páìpù mí, á máa wo ẹja lónírúurú àwọ̀, kò sì ní mú ohunkóhun jáde. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ nípa Ibú Àìdẹ, òun rẹ́rìn-ín, torí ohun tí àwọn òyìnbó kọ sínú ìwé lánàá, màrìwò ti ń sọ ọ́ ní Ute tipẹ́. Inú àwọn àgbà dùn débi pé Bàbá Lábísí gbá Boniface lẹ́yìn. Ọwọ́ àgbàlagbà náà kò wúwo, síbẹ̀ Boniface fẹ́ ṣubú.

Ọmọbìnrin náà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó pe àwọn ẹja fún òun. Boniface kúnlẹ̀, ó gbá omi lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọ́n ẹ̀kọ sí i. Fúnmiọlá dojú dé, ó sì ń léfòó lọ, páìpù rẹ̀ nìkan ló ń rìn kiri lójú omi. Ó yí etí àpáta ká. Ó dé abẹ́ igi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó yọrí, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ó ní òun rí ẹpìyà tó ń kó ọmọ rẹ̀ sẹ́nu, òun rí àrọ̀ tó gùn tó apá èèyàn, àti pé gbogbo wọn ló kọrí sí ibi tí ọwọ́ Bàbá wà. Ó nu omi kúrò lójú.

"Àmọ́ ìgèrè kan wà lábẹ́ gbòǹgbò yẹn. Ẹja wà nínú ẹ̀. Bí Bàbá ṣe gbá omi, òun náà fẹ́ wá."

Kò sẹ́ni tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣe ni ọrùn wọn ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ojú fi dé ara Àbúdùlàhí. Àbúdùlàhí gbé táyà kalẹ̀. Ó ní láti ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ òun kò kan omi yẹn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ, ó jọ pé ó ti mọ iye tí ọ̀rọ̀ òun tó lójú wọn. Boniface ń nu èérún ẹ̀kọ kúrò lọ́wọ́.

Bàbá Lábísí ní kí olùṣọ́ ibú fúnra rẹ̀ lọ fa nǹkan ìríra náà jáde. Fúnmiọlá so gíláàsì mọ́ ọn lójú, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe di èémí mú, Boniface sì wọ omi.

Ó ti tó ogójì ọdún tó ti ń ṣọ́ ibú náà, kò rí inú rẹ̀ rí. Òkè omi ló mọ̀: òjìji, ìrù tó ń fì, ẹnu tó ń gbé ẹ̀kọ mì. Ní báyìí, gíláàsì ṣí ilé náà fún un. Oòrùn wọlé ní ọ̀já ọ̀já títí kan iyanrìn. Ọ̀bọ̀kún kan ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ tọ́ òkúta wò bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn. Àwọn ẹja kò sá fún un rárá. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ, ẹnu wọn ń kan ìka rẹ̀, wọ́n ń retí ẹ̀kọ. Ó dé abẹ́ gbòǹgbò, ó sì rí ìgèrè rẹ̀. Àrọ̀ kan wà nínú rẹ̀, awọ imú rẹ̀ ti bó níbi tó ti ń fi orí gbá ọparun. Egungun ẹja méjì wà nísàlẹ̀, àwọn tí Boniface kò rántí wá kó. Lásán ni wọ́n kú síbẹ̀, ebi kò tiẹ̀ pa Boniface. Ojú tì í lábẹ́ omi, níbi tí èèyàn kankan kò ti rí i.

Ó já ìgèrè náà kúrò lára gbòǹgbò, ó gbé e wá sí etí omi. Ẹja inú rẹ̀ ń jà. Kókó okùn kan ló wà lẹ́nu ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ tú kí ẹja tó lè jáde. Bàbá Lábísí gbìyànjú láti tú u, kò tú. Àgbà míì fi eyín fà á, kókó tún le sí i. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí, àfi Theresa. Ọgbọ̀n ọdún ni Boniface ti ń fi kókó yẹn di igi ìdáná fún un. Ó wo kókó náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì rọra gbé abọ́ ẹ̀kọ kalẹ̀. Ó fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ síwájú orí, bí ẹni tí oòrùn ń pa lójú.

Ẹja ti ń la ẹnu kiri afẹ́fẹ́. Àbúdùlàhí wá ọ̀bẹ nínú àpò irinṣẹ́, ó sì na ọwọ́ gba orí màrìwò, ara rẹ̀ dúró sí òdìkejì.

"Ẹ gbà á kí ẹ fi gé e. Ẹja náà ń kú lọ."

Bí ọ̀bẹ bá ti gé kókó náà, ọ̀rọ̀ tán. Boniface mọ̀ bẹ́ẹ̀. Theresa kò ní tú àṣírí rẹ̀, kókó á ti di jákujàku okùn, wọ́n á sì lé Àbúdùlàhí kúrò ní Ute kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wo ọ̀bẹ náà. Ó wo ọwọ́ tó nà án wá, ọwọ́ tí gíríìsì ti wọ̀ lára.

Ó kúnlẹ̀ ti ìgèrè. Ó fi àtàǹpàkò ti okùn sínú, ó fi ìka kejì fà á lódì, kókó náà sì tú pẹ̀rẹ̀. Àrọ̀ já sínú omi.

Bàbá Lábísí fi ọ̀pá rẹ̀ nàka sí okùn náà. "Boniface, ta ló kọ́ ọ ní kókó yẹn?"

"Bàbá mi ni." Ó nawọ́ sí Àbúdùlàhí. "Mi ò sì rí ipasẹ̀ kankan lọ́dún tó kọjá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Fúnmiọlá tẹjú mọ́ ìwé tó mú wá láti fi kọ iye ẹja, kò kọ nǹkan kan. Theresa ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ sílé, kò yára, kò sì wẹ̀yìn. Bàbá Lábísí rìn lọ síbi màrìwò, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbé e sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Àbúdùlàhí fi tẹ orí ba kọjá.

Àbúdùlàhí kò wo Boniface. Ó bọ́ bàtà táyà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ létí omi láti ṣe àlùwàlá tí wọ́n ti fi dù ú láti ọdún tó kọjá. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, omi sì ń ró pà, pà, pà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Àwọn ẹja wá. Wọ́n wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹpìyà, ọ̀bọ̀kún, títí kan àrọ̀ onímú bíbó, wọ́n yí ọwọ́ onígíríìsì náà ká, wọ́n ń kan ìka rẹ̀.

Boniface ń wò wọ́n láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Gíláàsì ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ó kó ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sí abíyá, níbi tí ẹja kankan kò ti ní rí wọn.